Ìjókòó àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ olùtọ́jú ọkàn: kí ni kí n máa retí?

Ìràwọ̀Òwúrọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àsìkò yìí. Mo ti gba àyè lọ́dọ̀ olùtọ́jú ọkàn kan, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa kọ́kọ́ rí ara wa. Dókítà tó yẹ̀ mí wò ló ní kí n lọ. Oorun ò kùn mí bíi tẹ́lẹ̀ mọ́, àyà mi máa ń já láìsí ohun tó ń lé mi, àwọn nǹkan tó máa ń dùn mọ́ mi tẹ́lẹ̀ ò sì wù mí ṣe mọ́. Wọ́n yẹ ara mi wò, wọn ò rí àìsàn kankan.

Mi ò mọ nǹkan kan nípa ohun tí wọ́n ń ṣe nínú yàrá yẹn. Ta ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Ṣé ó máa sọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣe fún mi? Bí mo bá bú sẹ́kún ńkọ́? Ṣé ó lè sọ ọ̀rọ̀ mi fún ará ilé mi tàbí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí, tàbí tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

EtíGbọ́Ọ̀rọ̀

Ìràwọ̀, ẹ kú ìsapá. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi ọdún rò ó kí wọ́n tó gba àyè. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí.

Ìjókòó kan sábà máa ń gba ìṣẹ́jú 45 sí 50, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ti àkọ́kọ́ lè gùn jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, torí pé ìbéèrè pọ̀ nínú rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí olùtọ́jú gbé ìwé ìyọ̀ǹda fún yín. Ẹ kà á dópin kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ iye owó sí, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ ò bá lè wá lọ́jọ́ àdéhùn, bí ẹ ṣe lè kàn sí i láàárín ìjókòó kan sí èkejì, àti ibi tí àṣírí mọ. Èyí tí kò bá yé yín, ẹ béèrè lójú ẹsẹ̀.

Òun ló máa ṣí ọ̀rọ̀. Á béèrè ohun tó gbé yín wá, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó máa ń mú un le sí i àti ohun tó máa ń jẹ́ kó rọlẹ̀. Á béèrè nípa oorun, oúnjẹ, ọtí, oògùn tí ẹ ń lò, àwọn tí ẹ jọ ń gbé, àti bóyá irú rẹ̀ ti ṣe ẹlòmíràn nínú ẹbí rí. Á tún béèrè bóyá ó ti wá sí yín lọ́kàn rí láti pa ara yín lára, tàbí bóyá ayé ti sú yín. Ìbéèrè yẹn máa ń já àwọn èèyàn láyà, wọ́n á máa rò pé, “Kí ló rí lára mi?” Gbogbo ẹni tó bá wá la máa ń bi í. Ìwádìí sì ti fi hàn pé bíbéèrè rẹ̀ kì í ki èrò náà síni lọ́kàn. Bó bá ti rí gan-an ni kí ẹ dáhùn, torí ohun tí ẹ bá fi pamọ́, kò sí bó ṣe lè tọ́jú rẹ̀.

Ẹ má ṣèyọnu láti to ìtàn ayé yín lẹ́sẹẹsẹ sílẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Bí ohun kan bá wà tí ẹnu yín ò tíì gbà, ẹ sọ pé, “Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.” Kò ní bínú. Ní ti ẹkún, olùtọ́jú tó mọṣẹ́ ò ní sọ pé kí ẹ dákẹ́, kò sì ní sáré yí ọ̀rọ̀ padà. Bí omijé ò bá sì jáde rárá, kò túmọ̀ sí pé ẹ ò ṣe é dáadáa.

Ìmọ̀ràn ni ẹ tún béèrè. Ẹ má retí pé ó máa pàṣẹ pé kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí kí ẹ kọ ẹnì kan sílẹ̀. Àwọn tó yí yín ká ti lè gbà yín nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ náà títí ó fi sú yín. Iṣẹ́ tiwa ni láti bá yín wádìí ìdí tí ìmọ̀ràn tó dára pàápàá ò fi ṣeé tẹ̀ lé.

Ìmísí

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un: ó máa ń rẹni. Títí di òní, bí mo bá jáde níbẹ̀, ara mi kì í gba iṣẹ́ tó le fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má fi ìpàdé pàtàkì kankan sí ẹ̀yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láti rìn díẹ̀, láti jókòó jẹ́ẹ́, tàbí láti kọ ohun tó wà lọ́kàn yín sílẹ̀.

Ó tún lè dà bíi pé nǹkan ń burú sí i níbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ tipẹ́ ló ń gbérí, mo sì ń lálàá rẹ̀ lóru. Mo sọ fún olùtọ́jú mi pé ó ń ṣe mí bíi kí n dáwọ́ dúró. Kò bẹ̀ mí, kò sì bá mi wí. Ó ní ká rọra. A wá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ná, a fi ìjókòó mélòó kan kọ́ bí mo ṣe lè mú ọkàn mi balẹ̀ nígbà tó bá dé, lẹ́yìn náà la tó padà sí i. Ká ní mi ò sọ ni, kò sí bí ì bá ṣe mọ̀.

ÒtítọKorò

Mi ò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, mo sì fẹ́ kí ara Ìràwọ̀ yá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Báwo ni ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe lè wo ẹni tí kì í rí oorun sùn sàn? Mo ní ọ̀rẹ́ tí mo lè sọ gbogbo inú mi fún, kì í gbowó lọ́wọ́ mi. Kí ni olùtọ́jú ní tí ọ̀rẹ́ mi ò ní? Ṣé ẹnikẹ́ni tiẹ̀ ti ṣe ìwádìí rẹ̀ rí láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni?

EtíGbọ́Ọ̀rọ̀

Ìbéèrè yẹn tọ́. Àwọn onímọ̀ pàápàá ti bára wọn jà lórí rẹ̀. Ní ọdún 1952, Hans Eysenck, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan ní London, kọ àpilẹ̀kọ kan, ó ní òun ò rí ẹ̀rí pé tẹ́rápì (ìtọ́jú ọkàn nípa ọ̀rọ̀ sísọ) ń ṣe ju ohun tí àkókò fúnra rẹ̀ máa ń ṣe fún èèyàn lọ. Inú bí ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n mo gbà pé ó ṣe wá lóore, torí láti ìgbà náà ni kò ti sẹ́ni tó lè kàn fẹnu sọ ọ́ mọ́. Ní 1977, Mary Lee Smith àti Gene Glass kó ìwádìí 375 jọ, èyí tí wọ́n ti fi àwọn tó gba tẹ́rápì wé àwọn tí kò gbà á. Bí ẹ bá mú ẹni tó wà ní ìwọ̀n àárín nínú àwọn tó gbà á, ó sàn ju ìdá 75 nínú 100 àwọn tí kò gbà á lọ. Ìwádìí mìíràn tó tẹ̀ lé e pọ̀ jọjọ. Ibi tí wọ́n forí tì sí ni pé ó ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe gbogbo èèyàn, àwọn díẹ̀ sì wà tí ọ̀rọ̀ wọn máa ń burú sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé ẹni tó bá búra pé dandan ni òun máa wò yín sàn, ẹ má tọ̀ ọ́ lọ.

Ní ti ọ̀rẹ́, ẹ má fi í sílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín kan ọ̀rẹ́ yín. Bí ẹ bá sọ fún un pé ẹ fẹ́ ṣí lọ sí ibi tó jìnnà, apá kan ọkàn rẹ̀ á ti máa rò ó pé òun á wá dá wà. Ẹ̀yin náà á máa ṣọ́ ẹnu yín kí ọ̀rọ̀ má bàa dùn ún, ẹ ó sì ní láti gbọ́ tirẹ̀ náà. Lọ́dọ̀ olùtọ́jú, ọ̀rọ̀ tiyín nìkan ló wà nílẹ̀. Kò ní ìpín nínú ohun tí ẹ bá pinnu. Yàtọ̀ sí èyí, ó ti kẹ́kọ̀ọ́ láti máa gbọ́ ohun tí ẹ máa ń fò kọjá, ó sì ní ọ̀nà kan pàtó tó ń bá bọ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

ÒtítọKorò

Ó yé mi. Ẹ ṣé. Ibi tí ẹ ti ní ọ̀rọ̀ mi kan ọ̀rẹ́ mi yẹn, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

EwéOko

Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní yunifásítì. Ìràwọ̀, ẹ bi olùtọ́jú yín irú ọ̀nà tó ń lò, nítorí pé ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ dúró lórí ìyẹn.

Èyí tí wọ́n ń pè ní CBT (Cognitive Behavioural Therapy, ìtọ́jú tó ń wo èrò àti ìhùwàsí èèyàn) ló wọ́pọ̀ jù fún àìbalẹ̀ ọkàn àti ìsoríkọ́. Ẹ wò ó báyìí: ọ̀gá yín ní, “Wá rí mi lọ́la.” Kí ẹ tó mí, èrò kan ti sáré kọjá lórí yín pé wọ́n fẹ́ lé yín. Àyà já, oorun lọ, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ẹ ò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá kọ́ ló lé oorun lọ, èrò tó sáré kọjá yẹn ni. CBT máa ń dá èrò náà dúró. Ẹ ó kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ ó wo ẹ̀rí tó gbè é àti èyí tó ta kò ó, ẹ ó wá wo ohun mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà tún lè jẹ́. Aaron Beck, dókítà ọpọlọ kan (dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọkàn) ní Philadelphia, ló gbé e kalẹ̀ láwọn ọdún 1960. Ọ̀nà Sigmund Freud, dókítà tó ń wá ohun tó fara sin lọ́kàn èèyàn, ni ó kọ́kọ́ kọ́, kó tó ṣàkíyèsí pé irú àwọn èrò báyìí ń sáré kọjá lọ́kàn àwọn tó ní ìsoríkọ́ tó ń tọ́jú, tí wọn kì í sì í sọ wọ́n jáde. Ẹ máa gba iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣe é. Ìṣẹ́jú 50 ò tó nǹkan kan nínú gbogbo wákàtí tó wà nínú ọ̀sẹ̀, ohun tó bá sì mọ sínú yàrá yẹn kì í tẹ̀ lé èèyàn délé.

Ọ̀nà tó ti ọ̀dọ̀ Freud ṣẹ̀ wá máa ń lọ jìnnà sẹ́yìn, sí ìgbà èwe àti sí ohun tó ń tún ara rẹ̀ ṣe nínú àjọṣe yín pẹ̀lú àwọn èèyàn. Ó sábà máa ń pẹ́ ju CBT lọ, olùtọ́jú sì lè dákẹ́ gan-an níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìdákẹ́ náà kó jìnnìjìnnì bá yín. Ní ọ̀nà ti Carl Rogers, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan, olùtọ́jú máa ń fi gbogbo ara gbọ́ èèyàn láìdá a lẹ́bi. Ó tún ku àwọn mìíràn, títí kan IPT (Interpersonal Psychotherapy, ìtọ́jú tó ń wo àjọṣe ẹni pẹ̀lú àwọn èèyàn) tó máa ń dá lórí ọ̀fọ̀, ìjà àti ìyípadà ipò nínú ayé ẹni. Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú máa ń pa ọ̀nà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ìfaradà

EwéOko ò dárúkọ èyí tí mo gbà, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Èmi kì í lè kúrò nílé láìpadà lọ wo ilẹ̀kùn àti sítóòfù léraléra. Ara mi á máa sọ fún mi pé iná máa jó ilé, ẹ̀bi mi sì ni. Olùtọ́jú mi ò bá mi jiyàn pé iná ò ní jó. A jọ to ohun tó ń bà mí lẹ́rù láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó le jù, a wá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Mo máa ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, màá lọ, mi ò ní padà. Ẹ̀rù náà á ga, á ga, á dà bíi pé mi ò ní lè mí. Lẹ́yìn náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé mo padà lọ wò ó. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó lè rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, torí mi ò fún un láyè rí.

Ó le o, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n kò ti mí sínú ohunkóhun tí mi ò fọwọ́ sí. Gbogbo ìgbésẹ̀ la jọ ń pinnu.

ÌyáÀgbà

Ìràwọ̀, ọmọ mi, má bẹ̀rù. Mo ti dàgbà kí n tó gbà láti lọ, lẹ́yìn tí ọkọ mi kú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ni. Ọmọ tí mo lè bí ni olùtọ́jú mi, ó sì kọ́kọ́ nira fún mi láti tú inú mi fún ọmọdé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un ní tààrà. Ó dá mi lóhùn pé ó yé òun, ó ní kí n máa sọ fún òun nígbàkígbà tí òun bá ṣe ohun tó jọ àìbọ̀wọ̀ fún mi. Ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi tó balẹ̀. Àwọn ohun tí mi ò lè sọ fún àwọn ọmọ mi nípa bàbá wọn, ibẹ̀ ni mo ti sọ wọ́n.

Ìbéèrè kan ni mo ní fún àwọn tó mọ̀: dókítà tún fún mi ní oògùn nígbà yẹn. Ṣé èyí tó ń sọ̀rọ̀ àti èyí tó ń fúnni ní oògùn kì í ṣe ẹnì kan náà ni?

EtíGbọ́Ọ̀rọ̀

Ẹ kú ọgbẹ́ ọkàn, Mama. Lọ́pọ̀ ibi, kì í ṣe ẹnì kan náà. Dókítà ọpọlọ ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn òyìnbó, òun ló láṣẹ láti kọ oògùn. Olùtọ́jú bíi tèmi kì í sábà ní àṣẹ yẹn. Àwọn dókítà ọpọlọ kan ń ṣe méjèèjì. Bí ìsoríkọ́ bá le, oògùn àti tẹ́rápì pa pọ̀ sábà máa ń ṣiṣẹ́ ju ọ̀kan nínú wọn lọ. Ẹni tó bá ń lo oògùn, kó má tìtorí pé ara rẹ̀ ti ń yá lọ́dọ̀ wa dá a dúró fúnra rẹ̀. Kó kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó kọ ọ́ fún un.

ÒjòÀárọ̀

Mo dúpẹ́ pé ó dára fún yín. Tèmi àkọ́kọ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, yóò máa sọ ti ìgbéyàwó tirẹ̀. Ó máa ń wo fóònù. Ó wá ní kí á máa rí ara wa níta bí ọ̀rẹ́, kí n sì bá òun bá ẹnì kan tí mo mọ̀ sọ̀rọ̀ torí iṣẹ́ kan tó ń wá. Mo ní kò bá mi lára mu, ó ní àìsàn mi ló ń sọ̀rọ̀. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Ó pẹ́ kí n tó lè gbà láti wá ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n mo wá a, ẹni yìí sì yàtọ̀ pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé gbogbo ohun tí olùtọ́jú bá ṣe ló tọ́ torí pé òun ló kàwé nípa rẹ̀.

EtíGbọ́Ọ̀rọ̀

ÒjòÀárọ̀, ó dùn mí gan-an. Ohun tó ṣe yín yẹn lòdì sí ìlànà iṣẹ́ wa. Olùtọ́jú ò gbọ́dọ̀ sọ yín di ọ̀rẹ́ tàbí oníbàárà rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fi yín wá àǹfààní, kò sì gbọ́dọ̀ bá yín ní ìbálòpọ̀ rárá, ì báà jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ láìtọrọ àforíjì, kí ẹ sì fẹjọ́ sun àjọ tó fún un ní ìwé àṣẹ. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, torí òun ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí a ti ń sọ. Yàtọ̀ sí ìwà ìbàjẹ́ yẹn, ohun mìíràn wà tó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ olùtọ́jú tó dára jù lọ pàápàá: ó máa ṣì yín gbọ́. Á sọ ohun kan, á gún yín lọ́kàn. Á wo aago, ẹ ó sì rò pé ọ̀rọ̀ yín ti sú u. Á lọ fún ìsinmi ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní, “Kò sí wàhálà,” wọn ò sì ní padà wá. Nínú àwọn ìwádìí tí Joshua Swift àti Roger Greenberg kó jọ ní 2012, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló fi tẹ́rápì sílẹ̀ kó tó parí. Ìdí wọn ò lè jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí bó bá jẹ́ torí ọ̀rọ̀ tí wọn ò sọ ni.

Ẹ sọ ọ́. Ẹ ní, “Nígbà tí ẹ wo aago lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rò pé ẹ fẹ́ kí n máa lọ.” Wákàtí tó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí sábà máa ń ṣiṣẹ́ ju èyí tí ohun gbogbo lọ geerege nínú rẹ̀ lọ. Ẹni tó ti gbàgbọ́ láti kékeré pé òun máa ń sú àwọn èèyàn, níbo ló ti fẹ́ rí ibi tó ti lè bi ẹni tó jókòó sí iwájú rẹ̀ pé, “Ṣé mo ti sú yín?”, kó gbọ́ ìdáhùn òtítọ́, kí àjọṣe náà má sì bàjẹ́? Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́dọ̀ mi, ó lè gbìyànjú rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀. Ohun tó ń ṣe yín níta máa ń tẹ̀ lé yín wọ inú yàrá, ó sì máa ń wá sórí olùtọ́jú fúnra rẹ̀. Bó bá dé bẹ́ẹ̀, ẹ má fi pamọ́ fún un.

Ní 1979, Edward Bordin kọ̀wé pé nǹkan mẹ́ta ló so olùtọ́jú àti ẹni tó ń tọ́jú pọ̀: ìfohùnṣọ̀kan lórí ibi tí wọ́n ń lọ, ìfohùnṣọ̀kan lórí iṣẹ́ tó máa gbé wọn débẹ̀, àti ìfọkàntánni láàárín wọn. Ìwádìí lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé bí èyí bá lágbára, àbájáde sábà máa ń dára, ọ̀nà yòówù kí olùtọ́jú máa lò. Bí ẹ bá ti lọ nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ẹ ti sọ ohun tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, tí kò sì sí ìyípadà, ẹ wá ẹlòmíràn. Olùtọ́jú tó dára á bá yín wá a.

Ìràwọ̀Òwúrọ̀

Mo ń ka gbogbo rẹ̀, mo ń tún un kà. Ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ta ló lè gbọ́ ọ?

EwéOko

Òfin yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Kò lè sọ ọ́ fún ará ilé tàbí ọ̀gá yín láìjẹ́ pé ẹ fún un láṣẹ. Kò tiẹ̀ yẹ kó jẹ́wọ́ fún ẹni tó bá pè é pé ẹ ń wá sọ́dọ̀ òun. Ó lè bá olùtọ́jú àgbà tó ń tọ́ ọ sọ́nà sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ náà, láìdárúkọ yín.

Ibi tí àṣírí ti máa ń já ni bí ẹ̀mí yín bá wà nínú ewu, bí ẹ bá fẹ́ pa ẹlòmíràn lára, bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọdé, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ. Ní California, ẹjọ́ Tarasoff tí ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá ní 1976 ló sọ ọ́ di ojúṣe olùtọ́jú láti dáàbò bo ẹni tí ẹni tó ń tọ́jú bá fẹ́ ṣe ní ibi, àwọn ibòmíràn sì tẹ̀ lé e. Ẹ kíyè sí i pé kí èrò ikú wá síni lọ́kàn nìkan ò tó láti tú àṣírí. Ewu tó ti súnmọ́ tòsí ni. Bí ilé iṣẹ́ adójútòfò bá ń san owó náà fún yín, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń kọ ránṣẹ́ sí wọn.

ẸyẹÀdàbà

Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ máa ti ṣe é, ibi tí ẹ jókòó sí ṣe pàtàkì. Èmi máa ń jókòó sínú mọ́tò tí mo gbé sílẹ̀, torí etí pọ̀ nínú ilé wa. Ẹ lo ohun tí wọ́n ń tì bọ etí láti gbọ́ ọ̀rọ̀ (earphone). Ẹ sọ ibi tí ẹ wà gan-an fún olùtọ́jú níbẹ̀rẹ̀, bí ohun pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀, kó mọ ibi tó máa rán ìrànlọ́wọ́ sí. Kí ẹ sì ti fẹnu kò lórí ohun tí ẹ máa ṣe bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lágbede méjì ọ̀rọ̀ tó wúwo.

Ìfaradà

EtíGbọ́Ọ̀rọ̀, ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè rẹ̀ ìkẹyìn. Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, ìgbà wo ló sì máa ń parí?

EtíGbọ́Ọ̀rọ̀

Ẹ ṣeun tí ẹ rán mi létí. Olùtọ́jú lè fún yín ní fọ́ọ̀mù kúkúrú láti ìgbà dé ìgbà. PHQ-9 tí wọ́n ń lò fún ìsoríkọ́ ní ìbéèrè 9 nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, òdo sí 3 ni máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan, 27 ló ga jù. Bó bá ń lọ sílẹ̀ láti oṣù dé oṣù, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ máa wo ayé yín náà: ṣé ẹ ń sùn sí i, ṣé ẹ ti gbé fóònù pe ẹni tí ẹ ti ń sá fún, ṣé ohun tó máa ń bà yín nínú jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ti ń lọ láàárín ọjọ́ kan?

Ìwádìí Kenneth Howard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1986 rí i pé nígbà tí ìjókòó bá fi máa di 8, nǹkan bí ìdajì àwọn èèyàn ti ń sàn. Tó bá fi máa di 26, ó ti tó ìdá 75 nínú 100. CBT sábà máa ń wà láàárín ìjókòó 5 sí 20. Ọgbẹ́ tó ti pẹ́ lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara kì í yá lójoojúmọ́ bákan náà. Ọ̀sẹ̀ tó burú á wà láàárín àwọn tó dára.

Òpin náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ má kàn ṣaláìwá. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ṣáájú, ká fi ìjókòó mélòó kan wo ohun tí ẹ ti kọ́, ká kọ àmì tó máa fi hàn yín pé ó tún ń padà bọ̀ àti ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Àwọn mìíràn máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Bí ọ̀rọ̀ bá sì tún dé lọ́dún mélòó kan sí i, ilẹ̀kùn ò tì.

Ohun kan ṣoṣo tí kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ ìjókòó ni èrò láti pa ara ẹni. Bó bá dé, kí èèyàn má dá wà, kó lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ ọn jù lójú ẹsẹ̀, tàbí kó pe nọ́ńbà pàjáwìrì ibi tó wà.

Ìràwọ̀Òwúrọ̀

Mo ti gbọ́. Ìkẹyìn: tí mo bá dé iwájú ẹni, ọ̀rọ̀ máa ń pòórá lọ́kàn mi. Ṣé mo lè kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sínú ìwé mú lọ, àbí ó máa dà bí àìnígboyà?

Ìmísí

Ẹ kọ ọ́. Èmi náà mú ìwé dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ kọ ìgbà tí oorun bẹ̀rẹ̀ sí í dà yín láàmú, orúkọ oògùn tí ẹ bá ń lò, àti ohun kan tí ẹ fẹ́ kó yàtọ̀ láyé yín bí ìtọ́jú yìí bá ṣiṣẹ́. Èyí tó bá le jù láti fẹnu sọ, ẹ kọ ọ́ sórí ewé ọ̀tọ̀, kí ẹ fà á lé e lọ́wọ́ kó kà á fúnra rẹ̀.